Bí A Ti Í Mú Abẹ́rẹ́ Bá Ipa Orin Mu

Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí eruku sì bo ewé igi àti páànù òrùlé títí tí gbogbo òkè Àkókó fi dàbí ẹni tí ó fi eérú para, bàbá arúgbó kan ní Ọ̀kà ránṣẹ́ sí mi ní Ìkàrẹ́ pé kí n wá bá òun wo ẹ̀rọ giramafóònù òun, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, akọrin inú àwo a máa sọ̀rọ̀ já gaara nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí orin bá ti ń súnmọ́ ìparí, ahọ́n akọrin a bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, a sì máa pe ‘s’ bí ẹni ń pe ‘ṣ’. Bàbá ti ra abẹ́rẹ́ tuntun. Ó ti fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu àwo. Ó tilẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ kúrò ní ìyẹ̀wù wá sí gbọ̀ngàn, nítorí ẹnìkan sọ fún un pé ọ̀rinrin ilẹ̀ ni ó ń bá a jà. Nígbà tí mo gun òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i tán, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo orí apá ẹ̀rọ náà láti iwájú, mo rí i pé kátíríìjì rẹ̀ ti yọ síwájú ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì yí imú sí òde díẹ̀, bí ọmọ tí a ń bá wí tí kò fẹ́ wo ojú ẹni. Bàbá rò pé abẹ́rẹ́ ni ó ń ṣàìsàn. Ní ìjókòó abẹ́rẹ́ ni àrùn náà wà.

Kí n tó sọ bí a ti ń wo àrùn yìí, ó yẹ kí a fi ẹnu kò lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ohun pẹrẹsẹ tí àwo ń jókòó lé, tí ó sì ń gbé àwo yí, ni mo ń pè ní ìtẹ́ àwo. Irin kékeré tí ó yọ sókè láàárín rẹ̀, tí ihò àwo ń wọ̀, ni ọ̀pá àárín. Apá ni ọ̀pá gígùn tí ń rìn lórí àwo. Ìdí apá ni ibi tí apá náà ti ń yí. Orí apá sì ni ibi tí a ti fi ìdè méjì de kátíríìjì mọ́, ìdè tí 12.7 mìlímítà wà láàárín wọn lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ. Kátíríìjì fúnra rẹ̀ ni àpótí kékeré tí ń sọ gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ di iná tín-ín-rín tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè yóò gbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni igi abẹ́rẹ́ ti yọ jáde, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irùngbọ̀n ológbò, òkúta dáyámọ́ǹdì tín-ńtín tí ó wà ní ṣónṣó igi yìí ni abẹ́rẹ́ gan-an. Àwọn baba wa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun kékeré yìí ni gbogbo ẹ̀rọ ńlá náà ń ṣiṣẹ́ sìn.

Ìdí tí kátíríìjì fi gbọ́dọ̀ ní ìjókòó pàtó kò lè ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti roko rí. Nígbà tí a ń gbẹ́ ipa orin sí ojú àwo ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀bẹ tí ń gbẹ́ ẹ a máa rìn lórí irin tí ó tọ́, láti etí àwo wá sí àárín, láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ó ta okùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin nílé kò lè rìn bẹ́ẹ̀, nítorí a ti de ìdí rẹ̀ mọ́ ojú kan: ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni, bí ó ti wù kí ó jẹko jìnnà tó, yíyí ni yóò máa yí èèkàn po. Ewúrẹ́ tí ń rìn yípo kò lè tọ poro àgbẹ̀ tí ó gún gbọnrangandan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n wá ṣe sí i ni pé wọ́n jẹ́ kí okùn ewúrẹ́ náà gùn díẹ̀ ju ìjìnnà èèkàn sí ọ̀pá àárín lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fa apá wá sí àárín, abẹ́rẹ́ yóò kọjá ọ̀pá àárín ní ìwọ̀n ìka kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ni mo ń pè ní ìrékọjá. Wọ́n sì tún yí orí ewúrẹ́ sí inú díẹ̀, ìyẹn ni ìyíwọlé orí. Nígbà tí ìrékọjá àti ìyíwọlé bá wà ní ìwọ̀n tí ó bá ara wọn mu, ipa ewúrẹ́ yóò bá ti àgbẹ̀ dọ́gba ní ojú méjì lórí àwo, ojú méjì péré. Níbi yòókù, ìyàtọ̀ díẹ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n yóò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí etí yóò fi gbà á mọ́ra. Wíwá ojú méjì yìí kàn ni gbogbo iṣẹ́ tí a ń pè ní títo kátíríìjì.

Àwọn tí ó ṣe ìṣírò rẹ̀ kì í ṣe ẹni àná. Percy Wilson ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, nígbà tí abẹ́rẹ́ onírin ṣì ń wọ́ tuurutu lórí àwo. Erik Löfgren, ará Sweden, gbé ìṣírò tí ó kún jáde ní 1938. Baerwald gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibì kan náà ní 1941. Stevenson sì tún mú òmíràn wá ní 1966. Ojú méjì tí a rí nínú ìṣírò Löfgren àti Baerwald wà ní 66 mìlímítà àti 120.9 mìlímítà sí àárín ọ̀pá àárín. Ti Stevenson wà ní 60.3 àti 117.4, nítorí ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni pé kí ìparí àwo mọ́ ju ibi yòókù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìparí àwo yìí kan àwa Yorùbá ju bí àwọn tí ó ṣe ìṣírò náà ti lè rò lọ. Ẹ wò ó: àwo ńlá tí ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, ní etí rẹ̀ lóde, ipa orin ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 51 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dé ìparí àwo, níbi tí òbírí ipa ti kéré, kò ju nǹkan bí 21 lọ. Orin kan náà tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lóde ni a ká jọ kóńkó sínú, àṣìṣe kékeré tí etí kò mọ̀ lóde yóò sì di ariwo ńlá nínú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin wa, àti alápàlà àti oníjùjú, nígbà tí àwo ńlá dé ọwọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi gbogbo ojú kan àwo ṣe orin kan ṣoṣo tí kò dánu dúró, wọn a máa mú un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè, wọn a kọ́kọ́ júbà, wọn a pa òwe, wọn a ki ẹni tí wọ́n fẹ́ kì, títí ìlù yóò fi gbóná janjan lápá ìparí. Bí kátíríìjì bá wọ́, níbi tí orin dùn jù gan-an ni yóò ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin tí Haruna Ishola, Baba Gani Àgbà, fi ki ẹgbẹ́ Òròkí ní Òṣogbo ní 1971, yóò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni ọrọ̀ irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá sì di wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu akọrin, kí ni ó kù?

Síbẹ̀, kì í ṣe adùn etí nìkan ni mo ń jà fún. Abẹ́rẹ́ tí kò bá ipa mu kò kàn ń ṣi orin gbọ́. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri ipa náà ni, ohun tí ó bá sì ha dànù, kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ ọ́ padà. Nínú ilé wa ní Àkókó, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àpótí pákó, lórí àjà, àwo wà tí ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ ti kógbá wọlé, tí ó sì lè jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni ó kù ní gbogbo agbègbè. Ẹni tí ó ń fi kátíríìjì wíwọ́ gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ ń fi ìfẹ́ pa ohun tí ó fẹ́ràn ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ chẹ́njà ti àtijọ́, irú èyí tí BSR tàbí Garrard ṣe, tí ń to àwo márùn-ún mẹ́fà lé ara wọn lórí, tí kátíríìjì rẹ̀ kàn há mọ́ orí apá láìní ìdè tí a lè tú, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ilé iṣẹ́ ni ó ti yan ìjókòó fún un, abẹ́rẹ́ tí ó ti gbó nìkan ni ẹ lè pààrọ̀. Èkejì ni àwọn àwo líle, ẹlẹgẹ́, tí ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, irú àwọn tí Ẹni-Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìyìn sí ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone ní 1922. Ipa wọn fẹ̀ ju ti àwo ńlá ìgbà ìkẹyìn lọ fíìfíì. Abẹ́rẹ́ tí ó yẹ wọ́n nípọn ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àwo ńlá. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ kékeré sí inú ipa gbígbòòrò bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ kòtò ni yóò máa wọ́ lọ, kò ní fara kan ògiri méjèèjì dáadáa. Títo kátíríìjì kò lè wo èyí sàn. Abẹ́rẹ́ mìíràn ni ẹ óò rà.

Ó wá ku páálí ìwọ̀n, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lówó gọbọi láti òkè òkun, tí ọmọ ilé ìwé sì lè fi rúlà ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ mú páálí tí ó le, tí ó sì tẹ́jú, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ lu ihò kan sí i tí ọ̀pá àárín yóò wọ̀ rẹ́gí, nǹkan bí 7 mìlímítà ní fífẹ̀. Bí ihò yìí bá lààyè, gbogbo iṣẹ́ yín ti di asán. Ẹ fa ìlà kan tí ó tọ́ gba àárín ihò náà kọjá. Láti àárín ihò, kì í ṣe láti etí rẹ̀, ẹ wọn 66 mìlímítà lórí ìlà náà, ẹ fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ ìránṣọ tọ́ ojú ibẹ̀ fínnífínní. Ẹ wọn 120.9, tí ó kù díẹ̀ kí ó pé 121, ẹ tọ́ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà mìíràn tí yóò dábùú ìlà àkọ́kọ́ ní igun tí ó gún régé bí ti igi àgbélébùú; ẹ wá fa ìlà mẹ́ta-mẹ́ta sí ọ̀tún àti sí òsì ìlà adábùú yìí, kí wọ́n jọ máa lọ láìpàdé, kí ojú lè rí ohun tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì wé. Pẹ́ńsùlù tí ẹ óò lò gbọ́dọ̀ mú, nítorí pé ìlà tí ó nípọn tó ìdajì mìlímítà ti tó láti tan ojú jẹ.

Bí àwo kékeré tí ń yí ìgbà 45 ni ó pọ̀ jù nínú àpótí yín, irú àwọn tí I. K. Dairo fi gbajúmọ̀ títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, ẹ fi 60.3 àti 117.4 ti Stevenson sí orí páálí dípò ti Baerwald, nítorí pé gbogbo orin àwo kékeré wà lápá inú, ipa rẹ̀ sì ń súnmọ́ ihò ju ti àwo ńlá lọ. Fún ẹni tí ó ní oríṣi méjèèjì, mo fara mọ́ ti Baerwald. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní tèmi, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ to èyíkéyìí nínú méjèèjì dé ojú rẹ̀ yóò gbọ́ orin tí ó mọ́ ju ti ẹni tí ó yan èyí tí ó dára jù, tí kò sì tò ó délẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣírò, ó sì wúlò fún yíyẹ iṣẹ́ wò. Ẹ wọn ìjìnnà láti àárín ìdí apá dé àárín ọ̀pá àárín ní mìlímítà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ fi 7,979 kún un. Nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò fún wa ní àpapọ̀ yìí ni ìjìnnà tí ó yẹ kí ó wà láti ìdí apá dé ṣónṣó abẹ́rẹ́. Lórí Technics SL-1200, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀rọ tí àwọn tí ń lu àwo lóde àríyá mọ̀ bí ẹni mọ owó, ìjìnnà àkọ́kọ́ jẹ́ 215. Ìgbà 215 lọ́nà 215 jẹ́ 46,225. A fi 7,979 kún un, ó di 54,204. Nọ́ńbà tí a ń wá sì jẹ́ 232.8. Ìrékọjá rẹ̀, nígbà náà, jẹ́ 17.8 mìlímítà. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi 15 lélẹ̀ ní tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ṣónṣó abẹ́rẹ́ yóò wà ní 52 mìlímítà sí rọ́bà tí ó wà ní ìdí orí apá. Ìṣírò tiwọn ni ó yàtọ̀, kì í ṣe àṣìṣe, ẹni tí ó bá sì tọ̀ ọ́ kò ṣìnà.

Nígbà tí páálí bá ti wà nílẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ sì pa agbóhùnsókè pẹ̀lú. Ẹ rí i pé orí ohun tí ó tẹ́jú ni ẹ̀rọ jókòó lé. Ní Ọ̀kà, níbi tí ilé mìíràn ti jókòó sí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè, àní inú ilé tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dáadáa, mo ti rí tábìlì tí ó fi nǹkan bí ìka kan rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ yá ìwọ̀n olómi lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ gbé e lé ìtẹ́ àwo ní gígùn àti ní ìbú, ẹ sì fi páálí wẹ́wẹ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí ó bá kúrú sókè.

Lẹ́yìn èyí ni ìwúwo abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yí òkúta ẹ̀yìn apá, ìyẹn irin wíwúwo tí ó wà lẹ́yìn ìdí apá, títí apá yóò fi léfòó, tí kò rì, tí kò sì ga, bí ẹyẹ àwòdì tí ó dúró sójú kan lójú ọ̀run. Ẹ wá fi iye tí ìwé kátíríìjì sọ kún un, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 1.5 sí 2.5. Bí ẹ kò bá gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó wà lára òkúta náà, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà. Ọ̀kan wà tí mo ń lọ bá ní Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ mọ ìdá mẹ́wàá gíráàmù. A gbé abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Ẹ má ṣe rò pé ó yẹ kí ìwúwo kéré kí àwo má baà bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ó fúyẹ́ jù a máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ipa, ó sì ń ba ògiri jẹ́ ju èyí tí ó tẹ̀ dáadáa lọ.

Ẹ wá dẹ ìdè méjèèjì lára orí apá, kí kátíríìjì lè sún bí a bá fi ìka tì í, ṣùgbọ́n kí ó má lè sún fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú wẹ́wẹ́ wo wáyà mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá wọlé dáadáa: pupa àti aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ọ̀tún, funfun àti búlúù ti òsì. Bí ọ̀kan bá já, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kátíríìjì pátápátá kí ẹ tó fi irin gbígbóná jó o pọ̀, nítorí iná tí ó bá gba ojú irin wọ inú kátíríìjì a máa pa á kíákíá.

Ẹ gbé páálí sí orí ìtẹ́ àwo. Ẹ sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sí ojú 120.9, kí ẹ máa yí ìtẹ́ àwo díẹ̀díẹ̀ títí ṣónṣó rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ojú náà gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú orí apá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ sì wò ó láti iwájú: ǹjẹ́ igi abẹ́rẹ́ ń lọ ní ìbámu pẹ̀lú àwọn ìlà adábùú? Igi abẹ́rẹ́ ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì nìkan, nítorí pé a ti rí kátíríìjì tuntun tí igi rẹ̀ ti wọ́ láti ilé iṣẹ́. Bí kò bá bá ìlà mu, ẹ yí kátíríìjì láàárín ìdè rẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Ẹ gbé apá sókè, ẹ yí ìtẹ́ àwo, ẹ sọ abẹ́rẹ́ sí ojú 66, kí ẹ tún wò ó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú, wọn a tún yí kátíríìjì lójú kejì láti mú un bá ìlà mu, wọn a sì padà sí ojú kìn-ín-ní, wọn a rí i pé ó ti bàjẹ́, ìbínú a dé. Ní ojú 66, ẹ má ṣe yí i. Ẹ wo ibi tí imú rẹ̀ kọ sí nìkan. Bí imú bá yí sí inú, sí ọ̀dọ̀ ọ̀pá àárín, ìrékọjá kò tó: ẹ ti kátíríìjì síwájú díẹ̀. Bí imú bá yí sí òde, ìrékọjá ti pọ̀ jù: ẹ fà á sẹ́yìn, sí ọ̀dọ̀ ìdí apá. Ẹ padà lọ sí ojú 120.9 kí ẹ tún yí i bá ìlà mu. Ẹ tún bọ̀ sí 66 kí ẹ wò ó. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ìdajì mìlímítà lẹ́ẹ̀kan tó, kò sì sí ìtìjú nínú kí a lọ kí a bọ̀ nígbà mẹ́wàá.

Ní ilé bàbá Ọ̀kà, nígbà tí mo sọ abẹ́rẹ́ sí ojú 66 ní ìgbà àkọ́kọ́, imú kátíríìjì kọ òde gedegbe. Mo fà á sẹ́yìn, mo lọ sí ojú kejì, mo bọ̀, mo tún fà á. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀, ó gbé awò ojú sí iwájú orí, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà kẹrin ni igi abẹ́rẹ́ jókòó ní ojú méjèèjì bí ẹni pé a fi rúlà fà á. Nígbà tí mo wọn gbogbo ohun tí mo ti fà sẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kí ó pé 3 mìlímítà. Nǹkan tí kò nípọn tó hóró àgbàdo méjì ni ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọrin.

Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gbé dígí kékeré lé ìtẹ́ àwo, ẹ sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, ẹ sì wo kátíríìjì láti iwájú pẹ̀lú òjìji rẹ̀ nínú dígí. Bí ó bá dúró ṣánṣán, òun àti òjìji rẹ̀ yóò gún bí igi ọ̀pẹ tí ó dúró létí odò tí kò ru. Bí ó bá ṣẹ́ ní àárín, kátíríìjì dagun sí apá kan, ẹ tún orí apá yí kí ó dọ́gba, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, etí ọ̀tún àti etí òsì kò ní pín orin dọ́gba. Ẹ gbé àwo gidi sí i, ẹ wo apá láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú ipa: ó yẹ kí apá náà tẹ́jú bákan náà pẹ̀lú àwo, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má ga ju orí lọ. Ẹ tún ìwúwo abẹ́rẹ́ wò, nítorí pé bí kátíríìjì ti sún, ìwọ̀n náà ti yí padà. Ohun tí ń fa apá padà sí òde, kí ó má baà máa sáré wọ àárín, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sí iye kan náà pẹ̀lú ìwúwo, kí etí sì ṣe ìyókù.

Ìgbà yìí ni a óò wá bi etí léèrè, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ yan àwo tí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé abẹ́rẹ́ lọ sí ìṣẹ́jú méjì tí ó kẹ́yìn. Ohun méjì ni kí ẹ tẹ́tí sí. Èkíní ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ń lu igbá, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́tọ̀, igbá lọ́tọ̀; bí ó bá ń dún bí omi tí ó ta sínú epo gbígbóná, iṣẹ́ kò tíì parí. Èkejì ni ‘s’ àti ‘ṣ’. Èdè wa fi wọ́n ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀: ẹni tí ń sá kì í ṣe ohun tí ó ṣá, kátíríìjì wíwọ́ a sì da òjò àti eruku bo ‘s’ títí yóò fi di ‘ṣ’. Ará Ìbàdàn tí ó bá ń pe ‘ṣ’ ní ‘s’, ohùn ìlú rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n akọrin tí ó pe ‘s’ dáadáa ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ àwo, tí ó wá ń pè é ní ‘ṣ’ ní ìparí, ẹ̀rọ yín ni ó ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

Àwo Haruna Ishola ni bàbá gbé lé mi lọ́wọ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ sí apá ìparí. Ìlù ń lọ, agídìgbo ń dáhùn, alápàlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ gbòòrò bí ẹni tí a ń pè lójúde. Nígbà tí ó dé orúkọ kan, bàbá bá a pè é, òun àti akọrin ní ohùn kan náà, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ọmọ mi, padà sẹ́yìn díẹ̀.” Mo gbé abẹ́rẹ́ padà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún ìdè méjèèjì mọ́, ìlàjì yíyí fún ọ̀kan, ìlàjì yíyí fún èkejì, lẹ́yọ-lẹ́yọ, nítorí pé bí ẹ bá fún ọ̀kan mọ́ pátápátá kí ẹ tó kan èkejì, yóò fa kátíríìjì lọ. Ẹ má ṣe fún un bí ẹni ń fún ìdè ẹsẹ̀ mọ́tò. Ara orí apá a máa là. Ẹ tún fi páálí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìfúnmọ́, nítorí ó sábà máa ń sún díẹ̀. Ẹ kọ ìrékọjá, ìwúwo, àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí ìwé kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀rọ. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ojú àwo kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún yẹ ìdè wò. Abẹ́rẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún 500 sí 1,000 wákàtí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì to kátíríìjì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ tuntun kì í jókòó sí ojú kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí ẹ yọ.